Èéfín Ta Ni?

Ní ọdún 1997, òjò àkọ́rọ̀ yọjú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn tí kò bá onílé, ó sì yí padà. Àwọn ará Ìdí-Ọ̀pẹ ti gba òjò kan yẹn gbọ́. Wọ́n fi gbin àgbàdo, wọ́n fi gbin ẹ̀gẹ́. Àgbàdo hù, ó sì rọ lórí ìdúró. Igi ẹ̀gẹ́ ṣe gan-an nínú ebè bí igi ọgbà, kò yọ ewé kan. Nígbà tí oṣù kẹrin fi ń kógbá wọlé, odò ẹ̀yìn abúlé ti fà débi pé àwọn ọmọdé ń fi igbá gbọ́n ẹja nínú ẹrẹ̀. Inú àwọn ọmọ dùn. Àwọn àgbà tó ń wò wọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ìdí-Ọ̀pẹ kò tóbi. Ẹni tó bá ti Àjàgbà ń bọ̀ wá sí Òkìtìpupa lè kọjá rẹ̀ kó rò pé oko ẹnì kan ni. Ohun tí gbogbo agbègbè fi mọ̀ ọ́n ni ẹkù Rose, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se ẹyìn nínú àgbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún un, tí wọ́n sì ń fọ̀ ọ́ nínú kòtò olómi títí epo yóò fi léfòó, tí wọn yóò máa gbọ́n ọn. Iná kì í kú níbẹ̀ lásìkò ẹyìn, èéfín rẹ̀ kì í sì í fara pamọ́.

Rose kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Àrógbò ló ti wá, láti ilẹ̀ olómi, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ kí aládùúgbò. Ọmọ Ìdí-Ọ̀pẹ ló fẹ́ ẹ wá. Ọkọ ti kú, ó ku òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Tóyọ̀sí, tó ti tó ẹni ogún ọdún. Ara Tóyọ̀sí kò le nígbà kékeré, bàbá rẹ̀ kò sì rán an lọ sílé ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé nílé, lórí ẹní. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rí bó ṣe rí. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, Tóyọ̀sí yóò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, etí rẹ̀ yóò mú gbogbo rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan, ojú rẹ̀ yóò lọ sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò ní dé etí ẹni tó bi í. Wọ́n ní ọmọ tí kì í kí ènìyàn tán kó tó sá wọlé ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí àdúrà òjò ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà, oòrùn mú ganrínganrín, eruku ti pọ́n etí aṣọ funfun wọn. Alàgbà Ọlátúndé, olórí ìjọ, tó tún jẹ́ baálẹ̀ abúlé, wo òkè, kò rí kùrukùru kan. Ó wo ìjọ.

"A ti ké pe Ọlọ́run," ó ní. "Kò burú bí a bá gbọ́ ohun tí ìwé wí pẹ̀lú. Tísà, ẹ dìde."

Tísà Olúwaṣọlá dìde. Ọmọ Èkìtì ni, sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà tó wà nítòsí, yàrá iwájú nílé Rose ló sì gbà gbé. Tóyọ̀sí ti máa ń yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ti kà á tán, yóò dá a padà pẹ̀lú ìbéèrè kan tó ti ń rò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, Tísà yóò sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ dáhùn rẹ̀ títí oúnjẹ rẹ̀ yóò fi tutù.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá," Tísà bẹ̀rẹ̀, "ayé ń gbóná. Kì í ṣe ibí nìkan. Àwọn tó ń wọn ooru ayé ti wò ó láti ọdún pípẹ́, wọ́n ní ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀. Ohun tí à ń sun ni. Epo tí mọ́tò ń mu, gáàsì tí àwọn iléeṣẹ́ ń jó dànù, igbó tí à ń gé tí à ń tiná bọ̀. Ó ń gbé afẹ́fẹ́ kan lọ sókè tí ojú kò rí. Afẹ́fẹ́ yẹn ló wá dà bí aṣọ ìbora tí wọ́n fi bo ẹni tí ibà ń ṣe. Ooru ò rọ́nà jáde. Bí ayé bá gbóná bẹ́ẹ̀, òjò náà lè má mọ àsìkò rẹ̀ mọ́."

Ohun tó ya Tísà lẹ́nu ni pé kò sẹ́ni tó jà á níyàn. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Ó rò pé wọn yóò ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, wọn yóò ní ẹ̀dá kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo orí ló ń mì tìtì. Tísà kò mọ̀ pé ẹni tó wàásù fún wọn pé ọwọ́ ènìyàn lè dá òjò dúró, ohun tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ ló ń sọ. Nígbà kan tí òjò pẹ́, wọ́n wá ẹni tó so ó títí, wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan, Olúwafẹ́mi, tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ilé rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ni òjò lè pa lára ju ẹni tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ? Wọ́n fọ́ búlọ́ọ̀kù náà mọ́ ọn lójú. Ó kó lọ sí Òkìtìpupa, kò padà mọ́.

"Ọ̀rọ̀ yín yé wa, Tísà," Alàgbà Ọlátúndé wí. "Ọwọ́ ènìyàn ni. Èéfín ta wá ni? Mọ́tò ò sí níbí. Gáàsì tí ẹ wí, a ò mọ ojú rẹ̀."

Iṣẹ́ olùkọ́ ni kó mú àpẹẹrẹ súnmọ́ ọmọ tí kò yé. Ohun tí Tísà ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ wá ló tún ṣe. Ó na ọwọ́ sí apá ibi tí ọ̀pẹ pọ̀ sí.

"Ẹ wo èéfín ẹkù Màmá Rose lọ́hùn-ún, bí àpẹẹrẹ. Níbo lẹ rò pé ó ń lọ?"

Gbogbo ìjọ yí ọrùn. Rose wà láàárín àwọn obìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ẹni tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nǹkan rere ni wọ́n sábà máa ń fi pè é. Tóyọ̀sí ń wo ẹ̀rín náà. Ó rí i tó ń kúrò lójú ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ti ẹkù kò tó nǹkan," Tísà ń bá a lọ, "àwọn ńláńlá tó wà ní òkè òkun ni wọ́n… n kò sì wí pé òjò ọdún yìí gan-an…"

Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Ìyá Adédoyin, tó ní ọ̀pẹ tó pọ̀ jù lábúlé, tó sì ti ń bá Rose fa ọ̀rọ̀ ẹkù láti ọjọ́ pípẹ́, ti dìde.

"Mo ti ń wí i, ẹ ní ìlara ni! Ẹni tí wọ́n bí sórí omi, kí ni ó fẹ́ fi òjò ṣe?"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, màrìwò tútù ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹkù, wọ́n so ó láti òpó dé òpó. Ẹni tó bá rí màrìwò bẹ́ẹ̀ kì í tún béèrè. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ kọjá rẹ̀ wọlé, kò sì sẹ́ni tó lè já a àfi ẹni tó ní kí wọ́n so ó. Nínú ẹkù, lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ni ẹyìn tí àwọn akọ̀pẹ kó dé wà. Tóyọ̀sí dúró lẹ́yìn màrìwò, ó ń gbóòórùn rẹ̀. Ẹyìn tí wọ́n ti kọ kì í dúró de ẹjọ́. Ó ti ń gbóná lábẹ́ ewé, bí ó bá sì pẹ́ sí i, epo tí yóò jáde nínú rẹ̀ yóò kan, aráyé kò ní fi se ọbẹ̀.

Alàgbà Ọlátúndé fúnra rẹ̀ ló wá sọ ohun tí wọ́n pinnu. Kò jókòó. Ìtìjú ń mú un díẹ̀, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ Rose ni nígbà tí ọkùnrin náà wà láyé.

"Rose, èmi ò bá ọ jà. Ìwé ló wí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, wá sọ tẹnu rẹ. Bí ìjọ kò bá rí àwíjàre níbẹ̀, wọ́n ní kí o padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ, kí òjò lè ráyè."

"Ènìyàn wo, Bàbá?" Rose béèrè. "Ta ló kù fún mi ní Àrógbò?"

"Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ mi."

"Tóyọ̀sí ńkọ́?"

Alàgbà wo Tóyọ̀sí, ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó rò pé wọn ò rí òun. "Tóyọ̀sí? Ọmọ ilé yìí ni. Ibo ni yóò lọ?"

Láti wákàtí náà, ọ̀rọ̀ Alàgbà kò fi Tóyọ̀sí sílẹ̀. Bó bá ń pọn omi, ọ̀rọ̀ náà á dé. Bó bá ń gbálẹ̀, á tún dé. Ibo ni yóò lọ? Ìyá rẹ̀ yóò wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ olómi, òun yóò wà níbí láàárín àwọn tó lé e lọ, yóò máa kí wọn káàárọ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí Tísà ti ilé ìwé dé, kò tíì bọ́ bàtà tí Tóyọ̀sí fi dúró níwájú rẹ̀. Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ṣe àṣìṣe."

"Tóyọ̀sí, mi ò ṣe àṣìṣe. Àpẹẹrẹ ni mo ṣe."

"Àpẹẹrẹ yẹn ti di màrìwò, sà."

Tísà fi ọwọ́ nu ojú. Kò sùn dáadáa, ó hàn lójú rẹ̀. "Mo mọ̀. Màmá ń bu oúnjẹ fún mi síbẹ̀, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ìyẹn ló ń pa mí jù. Ṣùgbọ́n wò ó, òtítọ́ ni. Bí mo bá dìde lónìí pé irọ́ ni, kí ni màá kọ́ àwọn ọmọ lọ́la? Màá tún un là fún wọn. Màá fi ọwọ́ mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti yé wọn dáadáa, wọn ò ní…"

"Ó ti yé wọn, sà. Nítorí pé ó yé wọn ni wọ́n ṣe fẹ́ lé Ìyé mi lọ."

Ó ya òun alára lẹ́nu pé òun ló sọ ọ́. Ó sá wọlé.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bùrọ̀dá Olúyọmí dé láti Wárì. Àbúrò bàbá Tóyọ̀sí ni, iléeṣẹ́ kan tó ń wa epo rọ̀bì ló ń bá ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó kàwé tó o nínú gbogbo ìdílé wọn. Ní gbogbo ọ̀wọ́n epo mọ́tò tó gbòde lásìkò náà, ọkọ̀ rẹ̀ kì í gbẹ. Ó rí màrìwò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, wọ́n ní ìwọ lo so òjò!"

"Ọkọ mi, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́," Rose kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ gbà mí ni."

"Dìde, dìde. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Tísà náà dà?"

Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì. Tóyọ̀sí wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Tísà, níbo lẹ ti kàwé?"

"Adó-Èkìtì ni, sà."

"Kẹ́mísìrì lèmi kà, mo kà á títí mo fi gba oyè kejì. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, iná gáàsì kì í kú tọ̀sántòru, òjò sì ń rọ̀ níbẹ̀ bí ẹni fi korobá da omi. Kí lẹ fẹ́ sọ sí ìyẹn?"

"Ẹ mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, sà. Òjò ibì kan kọ́ ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ayé."

"Áà, nígbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n? Ọdún mélòó ni ayé ti wà? Ṣé ayé ò gbóná rí kí ènìyàn tó mọ iná dá? Oòrùn ńkọ́? Òkè tó ń yọná ńkọ́? Ẹ ti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò yín?"

"Wọ́n ti yọ ọ́, sà. Wọ́n ṣe ìṣirò gbogbo rẹ̀."

"Ta ni wọ́n? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Gbogbo ohun tí Tísà mú wá, Bùrọ̀dá Olúyọmí ní méjì tí yóò fi bò ó. Kò pariwo, kò bú u. Ìmọ̀ tó ní ló ń fi já a bí akọ̀pẹ ti ń fi àdá já imọ̀. Tóyọ̀sí ti máa ń rò pé ìwé dà bí ọ̀nà kan ṣoṣo, pé ẹni tó bá rìn ín jìnnà yóò dé ibi tí ẹlòmíràn dé. Àwọn méjì tó rìn ín jìnnà rè é, kálukú sì gba ibẹ̀ dé ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí Bùrọ̀dá jẹun tán, Tóyọ̀sí bu omi lọ fún un lẹ́yìn ilé ìdáná kó fi fọwọ́. Ó ti pinnu pé òun yóò béèrè.

"Bùrọ̀dá, ṣé lóòótọ́ ni pé irọ́ ni Tísà ń pa?"

Bùrọ̀dá fọ ọwọ́ kan, ó fọ ìkejì. "Ta ló sọ fún ọ pé irọ́ ni?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Nísinsìnyí."

"Tísà ni mo sọ ọ́ fún. Tóyọ̀sí, kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn wí tí n kò mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ibi iṣẹ́ wa gan-an ni mo ti kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀."

Omi ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀. Tóyọ̀sí tẹjú mọ́ ọn.

"Kí lò ń wò mí fún? Inú àwo kan, àwo epo rọ̀bì, ni mo ti ń jẹun láti ọdún pípẹ́ wá. Inú rẹ̀ ni bàbá rẹ ti jẹ kó tó kú, òun ni wọ́n fi sin ín. Ṣé èmi ló yẹ kí n máa kéde pé àwo náà ti jò? Nígbà tó ṣe díẹ̀, kò tilẹ̀ ni mí lára mọ́. Mo lè fi gbogbo ọjọ́ jà fún un, kí n sì sùn." Ó nu ọwọ́ sára àǹkáṣífù. "Fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá ni kí ìyá rẹ má bàa di ẹrù rẹ̀ kúrò nílé yìí. Ṣé ìyẹn burú?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Wọn yóò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó súnmọ́ Tísà. Bí wọ́n bá bi ọ́, mọ ohun tí wàá wí."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ kò tú lẹ́yìn ìsìn. Tísà ti gbé pátákó ìkọ̀wé àwọn ọmọdé síwájú, ó ya ayé róbótó, ó ya oòrùn, ó ya ọfà tó ń wọlé àti ọfà tí kò rọ́nà jáde. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ṣàlàyé débi pé àwọn arúgbó tí kò mọ Á yàtọ̀ sí ọ̀pá ń mi orí, wọ́n ń wí pé, "Bẹ́ẹ̀ náà ni."

"Tísà," Alàgbà wí, "bí ẹnì kan bá dáwọ́ iná tirẹ̀ dúró, ṣé ooru náà yóò dín kù?"

Gbogbo ènìyàn rí i pé Tísà ń wá ibi tí yóò gbà sá, kò sì rí. "Yóò dín kù, sà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni, díẹ̀ tí kò…"

"Díẹ̀ náà dára!" Ìyá Adédoyin ké. "Ká tibi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀!"

"Gbogbo wa la ń dáná, Màmá. Gbogbo wa la sun oko lọ́dún yìí."

"Iná ọbẹ̀ ni tèmi! Ṣé ọbẹ̀ mi ló ń lé òjò? Tísà, ẹ mà jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn rí!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Rose jókòó síwájú, ó di etí aṣọ funfun rẹ̀ mú bí ẹni tí ìjì fẹ́ gbé e.

Bùrọ̀dá Olúyọmí dìde lẹ́yìn náà, ó kí wọn bí ọmọ ilé ti ń kíni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alàgbà pẹ̀lú ṣòkòtò òyìnbó rẹ̀. Ó ní òun kàwé ju Tísà lọ, òun sì ń ṣiṣẹ́ nídìí iná tó tóbi ju abúlé yìí lọ. Ó ní kò sí nǹkan nínú èéfín. Ó ń lọ sókè, ó ń tú ká, ó parí. Ó ní òjò ti ń pẹ́ láti ayé bàbá wọn.

Alàgbà Ọlátúndé yọ fìlà, ó họ orí. "Ẹ gbà mí o. Ìwé méjì ló wà ńlẹ̀ yìí, ìwé Èkìtì àti ìwé Wárì. Èwo ni ká tẹ̀ lé?"

"Ìwé Wárì ní epo nínú!" ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín tún sọ.

Ìyá Adédoyin kò rẹ́rìn-ín. "Ẹbí Rose ni Olúyọmí, kò lè sọ̀rọ̀ kó má gbè é. Ẹ bi Tóyọ̀sí. Ojoojúmọ́ ló ń lọ kàwé lọ́dọ̀ Tísà. Ìyá rẹ̀ ni Rose lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn kò mọ irọ́ pa. Ta ló gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí? Ta ló gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ rí?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ìdákẹ́ tí Tóyọ̀sí ti dákẹ́ láti kékeré, àṣé ìṣúra ni, ó ń pọ̀ sí i níbì kan tí kò mọ̀. Wọ́n pè é síwájú. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú eruku, nítorí àwọn Aládùúrà kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ àdúrà, àtàńpàkò ẹsẹ̀ náà sì ń walẹ̀.

"Tísà sọ fún mi," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré débi pé wọ́n ní kó tún un sọ. "Tísà sọ fún mi pé kò dá òun náà lójú. Ó ní inú ìwé ìròyìn lòun ti rí i. Ó ní àwọn òyìnbó alára ṣì ń jiyàn lé e lórí."

Gbogbo ìjọ yí ojú sí Tísà.

"Tísà," Alàgbà béèrè, "ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ wí?"

Tísà wo Tóyọ̀sí. Ìwò náà pẹ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀, ohun tó sì jẹ́ kó burú nìyẹn. Lẹ́yìn náà ó wo Rose. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Bí Tóyọ̀sí bá ti wí bẹ́ẹ̀, sà," ó ní, ó sì jókòó.

Ariwo tó sọ kò ṣeé fẹnu wí. "Tísà Èéfín!" ni wọ́n ń pè é kó tó di pé ó dé ẹnu ọ̀nà. Alàgbà fọwọ́ ara rẹ̀ já màrìwò. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni iná bẹ̀rẹ̀ ní ẹkù, àwọn obìnrin tí kò kí Rose láti ọ̀sẹ̀ kan sì ń ké láti òkèèrè pé ẹ kú iṣẹ́ o.

Rose ń fi igi ro ẹyìn inú àgbá. Kò gbójú sókè.

"Tóyọ̀sí, ṣé bí Tísà ti wí fún ọ nìyẹn?"

Tóyọ̀sí ti igi kan bọ abẹ́ àgbá.

"Mo bi ọ́ ni."

"Rárá, Ìyé."

Rose ro ẹyìn náà lọ, ó ro ó bọ̀. "Bu oúnjẹ lọ fún un," ó ní.

Ṣùgbọ́n Tísà ti kó lọ sí Àjàgbà. Ó fi àṣẹ́kù owó yàrá sílẹ̀ lórí ibùsùn, ó gbálẹ̀ yàrá náà kó tó lọ.

Òjò kò rọ̀ síbẹ̀. Bùrọ̀dá Olúyọmí ti padà sí Wárì. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Tóyọ̀sí ń bọ̀ láti odò, ó rí i tí àwọn ọkùnrin ń gé igbó tó wà létí omi, igbó tí ẹnikẹ́ni kò fi àdá kàn láti ìgbà bàbá bàbá wọn. Wọ́n ti là á já yí ká, ó ku kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́.

"Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù," ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún un. "A fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Wọ́n kúkú ti ní kò sí nǹkan nínú èéfín. Ìwọ náà jẹ́rìí sí i."

Omi inú garawa tó wà lórí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ilé Alàgbà ló gbà lọ tààrà, omi ń ṣàn sí i léjìká. Alàgbà Ọlátúndé wà lábẹ́ igi, ó ń pọ́n àdá.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Bàbá, irọ́ ni mo pa."

"Kí lo wí?"

"Lọ́jọ́ Ìsinmi. Tísà ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ó dá a lójú. Bùrọ̀dá náà mọ̀. Òtítọ́ ni gbogbo ohun tí Tísà wí, kì í ṣe ẹkù wa ló dá òjò dúró, gbogbo iná ayé ni. Bàbá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun igbó etí omi, igi yẹn ló ń bo odò náà, bí ó bá lọ…"

Kò tíì sọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí lójú kan. Ó dúró, ó ń retí kí Alàgbà dìde, kí ó ké pe ìjọ, kí màrìwò tún padà. Ó ti rò ó lójú ọ̀nà: bí wọ́n bá ní Ìyé yóò lọ, òun yóò di mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n lé àwọn méjèèjì papọ̀.

Alàgbà gbé àdá sílẹ̀. Ó wò ó, ojú rẹ̀ rọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá sí ọmọ.

"Háà, Tóyọ̀sí. Tóyọ̀sí ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ Tísà ló ń dùn ọ́ báyìí? Mo rí i lójú rẹ lọ́jọ́ yẹn nígbà tó jókòó. Mo sọ fún Ìyá Adédoyin, mo ní ọmọ yìí, ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ Èkìtì yẹn."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin kò ní fẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Tísà Èéfín. Ṣùgbọ́n má torí rẹ̀ ba ẹnu rẹ jẹ́. O sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa gbọ́, ó tó. Bó bá fẹ́ ọ, kó wá bá wa nílé, a ó dárí jì í."

"Bàbá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Òótọ́ tí mo sọ ni èyí."

"Ó ti tó," Alàgbà wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Wò ó, bí o ti ń lọ yìí, yà sí ẹkù. Sọ fún ìyá rẹ kó fún àwọn ọkùnrin yẹn ní ẹyín iná. Ìṣáná wọn ò mú."

Nígbà tó dé ẹkù, àwọn ọkùnrin náà ti ṣáájú rẹ̀, wọ́n gbé àpáàdì dání. Rose nu ọwọ́ epo sára ìró rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n mú ẹ̀bùn wá fún.

"Alàgbà ní kí n fún yín níná? Alàgbà fúnra rẹ̀?"

"Ìyé," Tóyọ̀sí pè.

"Dúró ná, ọmọ mi, wọ́n ń dúró dè mí." Ó bẹ̀rẹ̀ sídìí àgbá, ó fi igi wa eérú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń ṣa ẹyín iná tó pọ́n jù fún wọn.